Ọta àfọwọ́kì fún àgbọ̀nrín lọ́nà jíjìn: èwo ni kí n mú?

ỌmọỌdẹTuntun

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Ó ti tó ọdún méjì báyìí tí mo ti ń fọwọ́ ara mi ki kátíríìjì, ìyẹn ìkarahun idẹ tí ẹ̀tù wà nínú rẹ̀, tí ọta sì wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n pátákó nìkan ni mo ń yìn ín sí. Lọ́dún yìí mo fẹ́ gbé e lọ sígbó ọdẹ. 6.5 Creedmoor ni ìbọn mi, ìlà inú ọ̀pá rẹ̀ ń yí po lẹ́ẹ̀kan nínú íǹṣì 8. Ọta ìdíje oní-gíréènì 140 ni mo ń lò (gíréènì la fi ń wọn ìwúwo ọta). Ní 100 yáàdì, ihò márùn-ún máa ń kóra jọ sójú kan, kì í tó íǹṣì kan rárá. Lọ́jọ́ tí ara bá yá gan-an, ọ̀kan á máa wọ inú èkejì. Ibi tí mo fẹ́ ṣọdẹ tẹ́jú lọ bí ẹní, àgbọ̀nrín ibẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn sún mọ́ òun. 600 yáàdì ni mo ń fojú sùn.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé kí n máa bá ọta tó ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu yìí lọ, àbí kí n pààrọ̀ rẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọta bàbà gbáko, tí kò ní òjé nínú rárá, ló dára jù. Òmíràn ní ibi tí ọta bá ti wọlé ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, pé irú ọta kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

BabaẸ̀tù

Ọmọ mi, o káàbọ̀. O ṣiṣẹ́ lórí pátákó, mo kí ọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn lo ti bẹ̀rẹ̀. Pátákó kì í sá, kò sì ní egungun. Ara ẹran ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, kó o wá máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé ẹnu ìbọn.

Ihò kékeré tó wà lẹ́nu ọta ìdíje yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé torí kó lè ya nínú ẹran ni wọ́n ṣe dá a síbẹ̀. Rárá o. Láti ìdí ni wọ́n ti ń fa èwù bàbà tó bo òjé inú rẹ̀ wá sí ẹnu, ibi tí èwù náà bá parí sí ló ṣẹ́ kù bí ihò. Wọ́n ń ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ìdí ọta lè gún régé, torí pé ìdí ọta ló ń darí rẹ̀ bó ṣe ń kúrò lẹ́nu ìbọn. Tó bá wá dénú ẹran, ó lè fọ́ túútúú lórí egungun èjìká láì dé ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè gba inú ẹran kọjá bí abẹ́rẹ́. O ò lè mọ èyí tó máa ṣe.

Mo ti jẹ níbẹ̀ rí. Àgbọ̀nrín kan fẹ̀gbẹ́ sí mi, kò tó 400 yáàdì, mo yìn ín gba ẹ̀yìn apá gẹ́lẹ́. Ó fò sókè, ó sì mú ọ̀nà ẹ̀ pọ̀n bíi pé eṣinṣin ló ta á. Ẹ̀jẹ̀ tí mo rí nílẹ̀ kò ju ti ẹni tó fi abẹ́ gé ìka lọ. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí n tó bá a. Ibi tí ọta gbà wọlé àti ibi tó gbà jáde, ìka ọwọ́ mi tó kéré jù kò wọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ibi tó dáa ni ọta mi wọ̀ o! Ọ̀rẹ́ rẹ tó ní irú ọta kò já mọ́ nǹkan kan, bá mi kí i.

Gbogbo ọta ọdẹ ló ní eré tó gbọ́dọ̀ bá dé ara ẹran kó tó lè ya. Ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́ ló máa ń kọ iye náà síta. Fps la fi ń wọ̀n ọ́n, ìyẹn iye ẹsẹ̀ bàtà tí ọta ń rìn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀pọ̀ ọta olójé ń fẹ́ nǹkan bíi 1,800 fps. Ọ̀pọ̀ bàbà gbáko ń fẹ́ nǹkan bíi 2,000. Àwọn kan wà tí wọ́n dìídì rọ fún ọ̀nà jíjìn, tí èwù wọn tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu kí wọ́n lè ya bí eré bá tiẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. Wá iye tí wọ́n kọ fún ọta tó o fẹ́ lò. Fi eré tó ń bá kúrò lẹ́nu ìbọn rẹ sínú áàpù ìṣirò, pẹ̀lú BC rẹ̀, òǹkà tó ń sọ bí ọta ṣe ń la afẹ́fẹ́ kọjá. Wo yáàdì tí eré ti já wálẹ̀ ju iye yẹn lọ. Ibẹ̀ ni òpin ọta. Òpin ìwọ fúnra rẹ lè má tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ń bọ̀.

ỌmọỌdẹTuntun

Ẹ ṣé gan-an, bàbá. N kò mọ̀ rárá pé ihò yẹn kò ní í ṣe pẹ̀lú yíya. Ṣé bàbà gbáko wá ni kí n lọ bá?

ÌyáẸlẹ́tù

Èmi ni kó o bi. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń lo bàbà gbáko, n kò sì fẹ́ padà sí òjé mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ẹran tí ẹ pa, ṣé ẹ ti rí fọ́tò X-ray ẹran tí ọta òjé gba inú rẹ̀ kọjá rí? Òjé wẹ́wẹ́ máa ń fọ́n jìnnà sí ojú ihò, ojú lásán ò lè rí i. Ní Kalifọ́níà, láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2019, wọn ò fàyè gba ọta òjé fún ọdẹ mọ́ rárá. Ẹ béèrè òfin ibi tí ẹ fẹ́ lọ kí ẹ tó jókòó ti ẹ̀tù.

Àmọ́ bàbà níwà tirẹ̀. Ó fúyẹ́ ju òjé lọ, torí náà tí ọta bàbà bá fẹ́ tẹ̀wọ̀n bí ti òjé, ó ní láti gùn jù ú lọ. Ọta tó gùn ń fẹ́ kí ìlà inú ọ̀pá ìbọn yí po kíákíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lójú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí àwa oníbàbà fi máa ń sọ̀ kalẹ̀: níbi tí ìwọ ti ń lo 140, èmi á lo nǹkan bíi 120. Ti inú ìbọn mi ń jáde ní 2,850 fps, eré yẹn dùn mọ́ mi nínú, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tètè ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó bá fi máa dé 400 yáàdì, ó ti kù díẹ̀ kó já sí 2,000. Nítorí náà 350 ni mo ń dúró sí. Ẹran tí mo bá rí níwájú ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo máa ń rápálá lọ bá a, àbí kí n jókòó máa wò ó.

Ohun kan wà tí mo ń bẹ yín pé kí ẹ má gbàgbé. Ẹ má ṣe fi ìwọ̀n ẹ̀tù tí wọ́n kọ fún ọta olójé ki ọta bàbà nítorí pé gíréènì wọn dọ́gba. Bàbà gùn, ìdí rẹ̀ á wọnú ìkarahun jù, àyè ẹ̀tù á dín, ìfúnpá á sì ga. Ìwé tó kọ ìwọ̀n ẹ̀tù fún ọta yẹn gan-an ni kí ẹ wò.

BabaẸ̀tù

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí màmá sọ yìí àfi ibì kan. Òun ń ṣọdẹ nínú igbó níbi tí 350 ti jìnnà, ọmọ yìí wà ní ilẹ̀ tó tẹ́jú. Tí èmi bá jẹ́ ẹ, ọta tí wọ́n jó òjé rẹ̀ mọ́ èwù bàbà ni màá mú, irú èyí tó ní ike lẹ́nu. Kì í fọ́ bí ti ìdíje, kì í sì í béèrè eré tó pọ̀ bíi ti bàbà gbáko. Ọta olójé lásán tí wọn ò jó mọ́ èwù náà ń pa àgbọ̀nrín dáadáa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Àgbọ̀nrín kì í ṣe ẹfọ̀n. Ibi tó ti ń kọsẹ̀ ni bí ẹran bá ṣàdédé yọ ní 60 yáàdì, tí eré ọta ṣì pọ̀ jù, tó sì bá egungun.

ÌyáẸlẹ́tù

Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ilẹ̀ tó tẹ́jú ló ń tan èèyàn yìnbọn jìnnà jù. Èmi ti sọ tèmi.

TẹnuMọ́ọ́n

Ẹ̀yin èèyàn yìí ń dẹ́rù ba ọmọdé ni. 6.5 yìí kan náà ni mo fi ń pa ẹran ní 900 yáàdì, ọta ìdíje sì ni. Wọ́n ń ṣubú. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yìn ló ń di ẹ̀bi ru ọta.

Olùṣirò

Ọ̀gbẹ́ni TẹnuMọ́ọ́n, ẹ ò sọ iye tí kò ṣubú.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ní 900 yáàdì, ọta 6.5 á lo ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ lójú ọ̀nà. Ẹran tó ń jẹko máa ń gbé ẹsẹ̀ kan síwájú láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan láì tiẹ̀ rí ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ kan yẹn ló ń sọ ẹ̀dọ̀fóró di ikùn. Mímọ̀ ọ́n yìn kò lè ṣe nǹkan kan sí i, torí nígbà tí ẹran gbé ẹsẹ̀, ọta ti kúrò lọ́wọ́ yín. Kódà ní 600 tí arákùnrin yìí ń wí, ọta á lo nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan.

Afẹ́fẹ́ wá ni bàbá gbogbo wọn. Ẹ mú ọta gíréènì 140 tí BC rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 0.5 ní ìwọ̀n G1 (ọ̀kan nínú òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ka BC), tó ń jáde ní nǹkan bíi 2,700 fps. Kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ ní máìlì 10 ní wákàtí kan. Ní 400 yáàdì, á gbé ọta náà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan. Ní 600, ó ti ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ dáadáa. Kò sí ẹni tó lè fojú wo koríko kó sọ afẹ́fẹ́ láì ṣì í ní máìlì méjì mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ẹ bá ṣì í ní 3 péré, á gbé yín kúrò ní nǹkan bí íǹṣì 4 ní 400, ní 600 á sì tó íǹṣì 8. Ibi ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró àgbọ̀nrín fẹ̀ tó íǹṣì 8 sí 10. Tí ẹ bá fojú sun àárín rẹ̀, íǹṣì 4 sí 5 ni àyè tí ẹ ní sí ọ̀tún àti òsì. Ẹ rí i pé ní 400, ẹ ṣi afẹ́fẹ́, ẹran ṣì kú. Ní 600, ẹ ṣì í bákan náà, ẹran ti gbé egbò sá lọ.

Nítorí náà BC ṣe pàtàkì nínú yíyan ọta, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí kí ọta má bàa ròkè ròdò. Awò orí ìbọn lè tún ìyẹn ṣe, torí bí ọta ṣe ń wálẹ̀ kì í yí padà láàárọ̀ àti lálẹ́. Torí afẹ́fẹ́ ni.

ỌmọỌdẹTuntun

Ẹ̀gbọ́n Olùṣirò, orí mi ń wú. Mo fẹ́ béèrè lórí eré. Mo fi ẹ̀rọ tí ń ka eré ọta wo mẹ́ta nínú tèmi, 2,741, 2,744 àti 2,738. Ìyàtọ̀ wọn kò ju 6 lọ. Ṣé ìyẹn kò fi hàn pé ọwọ́ mi ti mọ́ níbi ẹ̀tù?

Olùṣirò

Mẹ́ta kò fi nǹkan kan hàn, àbúrò. Da ẹyọ owó sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó lè dorí lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Yin ogún, kó o wá padà wá sọ fún mi. Mo lè búra pé wàá rí ìyàtọ̀ tó ju 30 lọ láàárín èyí tó yára jù àti èyí tó lọ́ra jù, ìyẹn ò sì burú. Bákan náà ni ihò márùn-ún tó ń kóra jọ yẹn. Yin mẹ́wàá sójú kan, kó o gba ohun tó bá sọ fún ọ gbọ́.

Má sì ṣe lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ lórí ìyàtọ̀ eré. Kí ọta méjì tiẹ̀ fi 50 fps yàtọ̀, ní 400 yáàdì ìyẹn kò tó íǹṣì 2 lókè àti nísàlẹ̀. Ní 600 ni yóò di nǹkan bíi 4. Mo mọ àwọn tó ń wọn ẹ̀tù hóró kọ̀ọ̀kan, tí wọn ò tíì fara balẹ̀ jókòó wo afẹ́fẹ́ rí.

Ohun tí kò sẹ́ni tó béèrè: ibo ni ọta àkọ́kọ́ ń wọ̀ bí ìbọn rẹ bá tutù? Lórí pátákó, ìbọn ti gbóná kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ihò. Nínú igbó, ọta kan yẹn ni gbogbo rẹ̀. Lọ sí pápá láàárọ̀ márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, yin ẹyọ kan ṣoṣo, kó o máa lọ sílé. Má yí pátákó padà. Ihò márùn-ún yẹn ni ìwọ̀n rẹ bí ọdẹ. Bó o bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ nu inú ọ̀pá ìbọn, ti àkọ́kọ́ lè wọ ibòmíràn pátápátá, nítorí náà má ṣe nù ún lálẹ́ ọjọ́ tó o máa lọ sígbó.

Onídẹ

Ẹ ti sọ̀rọ̀ ọta, ẹ ti sọ̀rọ̀ ẹ̀tù, kò sẹ́ni tó bu ìyìn fún ìkarahun. Òun sì ló ń ba ọjọ́ ọdẹ jẹ́ jù.

Tí o bá ń yìnbọn lórí pátákó, o lè máa fún ọrùn ìkarahun nìkan pọ̀ nínú dáì, irin tí a fi ń dá ìkarahun padà sí ìwọ̀n rẹ̀, kí ara rẹ̀ wà bí ìbọn ṣe fẹ̀ ẹ́. Tó bá le díẹ̀ nígbà tó ò ń ti bóòtù, irin tó ń ti kátíríìjì wọ inú ìbọn, o ti ní àyè àti àkókò. Fún ọdẹ, fún gbogbo ara rẹ̀ pọ̀, kí èjìká ìkarahun padà sẹ́yìn ní nǹkan bí íǹṣì 0.002. Á máa wọlé wẹ́rẹ́ bí eruku bá tiẹ̀ wà, bí ọwọ́ rẹ bá tiẹ̀ ń gbọ̀n. Má sì fún un ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó bá ti kúrú jù, ìbọn á máa fà á gùn ní gbogbo ìgbà tó o bá yìn ín, títí idẹ á fi fẹ́lẹ́ nítòsí ìdí.

Báyìí ni mo ṣe ń yẹ ìyẹn wò: mo máa ń na wáyà tí wọ́n fi ń há bébà pọ̀, màá tẹ orí rẹ̀ bí ìwọ̀ kékeré, màá tì í bọ ẹnu ìkarahun títí dé ìdí, màá wá rọra fà á bọ̀ lára ògiri rẹ̀. Èyí tó dáa máa ń dán lábẹ́ wáyà. Bí wáyà bá há sí kòtò kan ṣókí ní ibi tó fi díẹ̀ ga ju ìdí lọ, tí o sì rí ìlà títàn yí i ká lóde níbi kan náà, má ṣe bá a jiyàn, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó o sọ ọ́ nù. Ojoojúmọ́ kọ́ ni mo ń rí i, ṣùgbọ́n mo ti rí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtìjú tèmi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ kí ẹnu ọta mi máa kan ìlà inú ọ̀pá ìbọn gan-an, torí mo gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn onídìíje ń ṣe. Ó kóra jọ lóòótọ́. Lọ́jọ́ kan, ilẹ̀ ṣú, n kò rí ẹran, mo fẹ́ yọ kátíríìjì kúrò nínú ìbọn kí n lè máa lọ sílé. Mo fa bóòtù. Ìkarahun jáde, ọta dúró sínú ọ̀pá. Ẹ̀tù dà jáde bí iyanrìn, ó wọ màgásíìnì, ó wọ gbogbo kọ̀rọ̀ ìbọn, ó wọ apá ẹ̀wù mi. N kò mú ọ̀pá ìnubọn dání. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìgbà tí mo ṣì jókòó ti ọta tó há, tí mo ń fi ọ̀pá gbá a jáde, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti pa ẹran méjì. Láti ìgbà náà, àlàfo máa ń wà láàárín ọta mi àti ìlà, kì í dín ní íǹṣì 0.020. Gígùn tó bá màgásíìnì mu ló sì ń borí gbogbo ọ̀rọ̀: kátíríìjì tí kò bá wọ màgásíìnì, ti pátákó ni.

ỌmọỌdẹTuntun

Ẹ̀gbọ́n Onídẹ, mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ti lọ wọn tèmi kíákíá. Wọ́n ń kan ìlà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ìwọ̀n ẹ̀tù tí mo ń lò fi díẹ̀ ju èyí tó ga jù nínú ìwé lọ. Mo ń wo práímà, ohun kékeré tó ń tanná ran ẹ̀tù nídìí ìkarahun, kò tẹ́ pẹlẹbẹ, bóòtù sì ń ṣí wẹ́rẹ́. Mo rò pé ìbọn mi gbà á ni.

BabaẸ̀tù

Ó dáa tó o sọ ọ́. Mú gbogbo wọn wálẹ̀ lónìí.

Práímà kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó ṣe é gbára lé. Nígbà tí práímà bá fi máa tẹ́, tí ìdí ìkarahun á fi ní àmì dídán, tí bóòtù á fi le, ìfúnpá ti kọjá òpin tipẹ́tipẹ́. Òpin tí SAAMI, ẹgbẹ́ tó ń gbé ìlànà ìbọn àti ọta kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, fi lélẹ̀ fún 6.5 Creedmoor jẹ́ 62,000 psi (psi la fi ń wọn ìfúnpá), kò sì sí ẹni tó ní ojú tó lè ka psi. Ẹ̀rọ tí ń ka eré lè sọ díẹ̀ fún ọ: bí eré rẹ bá ti ju èyí tó ga jù nínú ìwé fún ọta yẹn àti gígùn ọ̀pá yẹn, ẹ̀bùn kọ́, ìfúnpá lo fi ń rà á. Ọta rẹ tó ń kan ìlà sì tún ń fi kún un.

Tún ro ojú ọjọ́. Ẹ̀tù tí kò ní wàhálà kankan nígbà òtútù lè kọjá òpin bí kátíríìjì bá jókòó sínú oòrùn. Àwọn ẹ̀tù kan wà tí wọ́n ṣe kí ooru má fi bẹ́ẹ̀ yí wọn padà, irú wọn ni kó o wá fún ọdẹ, torí o ò mọ irú ọjọ́ tí wàá bá pàdé.

Bó o ṣe máa ṣe é rèé. Bí o bá ti yí ọta padà, tàbí práímà, tàbí irú ìkarahun, tàbí o ra ike ẹ̀tù tuntun tí nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àtijọ́, padà sí ìsàlẹ̀ ìwé, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀tù tó kéré jù tí ìwé kọ. Níbi tí ìwé bá ti kọ ìwọ̀n tó ga jù nìkan, fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dín in, kó o máa gòkè díẹ̀díẹ̀. N kò ní í kọ ìwọ̀n ẹ̀tù kankan síbí, ẹnikẹ́ni tó bá sì kọ tirẹ̀ sí ọ, má lò ó. Ìbọn rẹ kọ́ ni ìbọn rẹ̀.

ÌyáẸlẹ́tù

Kí n fi èyí kún ti bàbá. Ike ẹ̀tù kan ṣoṣo ni kó máa wà lórí tábìlì rẹ. Tó o bá ti parí, dá ẹ̀tù tó kù padà sínú ike rẹ̀ kó o tó dìde, kódà bí fóònù bá ń dún. Àwọn ẹ̀tù jọra wọn bí ìbejì, ti ìbọn ìléwọ́ tó ń yára jó lè fọ́ ráífù mọ́ ọ lójú. Kó o sì fọwọ́ kó o tó jẹun, òjé wà nínú eruku tó ń jáde lára ìkarahun tí wọ́n ti yìn.

TẹnuMọ́ọ́n

Ó dáa, mo gbọ́. Èmi náà kò fi ju ìwé lọ o, kí ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń lo ọta ìdíje mi.

Olùṣirò

Ẹ ṣì jẹ wá ní iye tí kò ṣubú.

ỌmọỌdẹTuntun

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin àgbà. Mo padà wá jábọ̀.

Mo mú ọta tí wọ́n jó òjé rẹ̀ mọ́ èwù bàbà, gíréènì 140. Mo tú gbogbo ti àtijọ́, mo padà sí ìsàlẹ̀ ìwé, mo sì dúró nígbà tó kù díẹ̀ kí n dé òkè. Ogún ọta tí mo fi ẹ̀rọ kà: 2,680 ni àárín wọn, èyí tó yára jù fi 38 ju èyí tó lọ́ra jù lọ. Ẹ̀gbọ́n Olùṣirò, bí ẹ ṣe búra ló rí! Ihò mẹ́wàá fẹ̀ tó íǹṣì kan àti díẹ̀ ní 100 yáàdì. Kò dára tó ti ìdíje, ó sì dùn mí fún bí ọjọ́ méjì. Áàpù ní eré á dín sí 1,800 kété lẹ́yìn 500 yáàdì.

Mo wá gbé irin róbótó oní-íǹṣì 8 lọ sí pápá. N kò lo tábìlì, orí àpò ẹ̀yìn mi ni mo gbé ìbọn lé, bí mo ṣe máa ṣe nínú igbó. Ní 300, mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ní 400, mẹ́sàn-án. Ní 500 tí ọta ṣì lè ya, mẹ́fà péré, afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà kò sì tó nǹkan. N kò tiẹ̀ gbìyànjú 600. Mo ti lẹ téépù mọ́ ìdí ìbọn, mo kọ 350 sí i. Ọta òwúrọ̀ márùn-ún náà, nígbà tí ìbọn tutù, gbogbo wọn wà láàárín íǹṣì kan àti àbọ̀.

Lánàá mo ti gbogbo ogún tí mo fẹ́ mú dání wọ inú ìbọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ní pápá, ẹnu ìbọn kọjú sí òkìtì. Mọ́kàndínlógún wọlé bí omi. Ọ̀kan kọ̀, bóòtù kò sọ̀ kalẹ̀ rárá.

ÌyáẸlẹ́tù

Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ní 400, o sì kọ 350 sára ìbọn. O káre. Èyí tó kọ̀ yẹn ńkọ́, ṣé o ò fipá tì í?

ỌmọỌdẹTuntun

Rárá, màmá. Mo yọ ọ́, mo tú u nílé. Ọta rẹ̀ wà lórí tábìlì, ẹ̀tù rẹ̀ ni mo fọ́n sórí koríko.

Onídẹ

Má tíì ju ìkarahun yẹn nù. Yí ìdí rẹ̀ sókè kó o kà á. Orúkọ ta ló wà níbẹ̀?

ỌmọỌdẹTuntun

Ẹ̀gbọ́n, ti ilé iṣẹ́ mìíràn ni! Ó ní láti jẹ́ pé nílẹ̀ pápá ni mo ti ṣà á mọ́ tèmi. Mo fi awò wo ìdí mọ́kàndínlógún tó kù báyìí, orúkọ kan náà ló wà lára gbogbo wọn.